Ta Ló Wà Nídìí Họ́ọ̀sì Tó Jò?

Ọ́ìlì tó bá ń kán lábẹ́ ọkọ̀ kì í pẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà náà kò jìn púpọ̀, bí àádọ́ta kìlómítà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó ti ṣòfò lórí rẹ̀ kò kéré, àwọn tó ń ná an kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó kọṣẹ́ ṣàwàdà. Kí ẹ́ńjìnnì kú nítòsí Odò Ọba báyìí, orúkọ Jésù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, "Lá iláha illallah" yóò tẹ̀ lé e, kí ẹnì kan tó wá bi awakọ̀ pé kí ló dé. Awakọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, yóò rí ọ́ìlì dúdú lórí ọ̀dà, yóò mi orí. "Ayé mà le o!"

Ayé wo? Gbólóhùn kékeré yẹn gbé ìbéèrè kan dání tó ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ro ọkọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé ìgbà rẹ̀ ló tó, ṣé ẹnì kan ló bà á jẹ́, àbí Ọlọ́run ló ní kó bàjẹ́? Abẹ́ ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún dára fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti lè fọwọ́ kan ohun tó ń jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì lè gbóná kọjá 100°C nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Nínú ọkọ̀ tó bá ní kúlà ọ́ìlì, họ́ọ̀sì kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná lọ síbi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ sí i, òmíràn ń dá a padà. Ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ tó jẹ́ ọ̀tọmátíìkì ní irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ fún ọ́ìlì jíà, inú rédíétọ̀ ni wọ́n sì fi kúlà tirẹ̀ pa mọ́ sí. Rọ́bà ni họ́ọ̀sì. Ooru ọdún pípẹ́ a máa mú un gan, yóò sán wẹ́wẹ́, pàápàá ní ìdí rẹ̀ tí kílíìpù ti ń gé e jẹ. Mẹkáníìkì tó bá sì rí i pé ó ń jò tó kàn fún kílíìpù náà le sí i ti bá ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ láìmọ̀.

Ìṣòro ńlá tó wà nínú ọ́ìlì ni pé kì í kán níbi tó ti jò. Afẹ́fẹ́ eré ọkọ̀ ń gbá a sẹ́yìn, ó ń rìn lára irin, ó ń gba orí bóòtù bọ́ sí orí bóòtù, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún ló ti wá ń kán. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò wo ìsàlẹ̀, yóò ní gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, wọn yóò sì tú u. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní tú nǹkan kan. Omi àti ọṣẹ Omo ni yóò fi fọ gbogbo ara ẹ́ńjìnnì náà mọ́, yóò jẹ́ kó gbẹ, yóò tan án, yóò wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí omi ọ́ìlì àkọ́kọ́ ti yọ. Bí kò bá rí i, yóò tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Bí àbàwọ́n orí páálí bá pupa, ti jíà ni ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá dúdú, ti ẹ́ńjìnnì ni.

Bátìrì ní tirẹ̀ ní orí méjì. Iná tó jáde láti orí kan gbọ́dọ̀ padà sí èkejì kó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ro ọkọ̀ kò fa wáyà ìpadà fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Irin bọ́dì ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sọ di ọ̀nà ìpadà, òun ni àwọn rewáyà ń pè ní áàtì. Kò kan erùpẹ̀ rárá, rọ́bà táyà ti ya ọkọ̀ nípa kúrò lára ilẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú jókòó sí kó má baà máa gbọ̀n, nítorí náà wáyà gbọọrọ kan ló so ó pọ̀ mọ́ bọ́dì àti bátìrì. Wáyà yìí kò níyì lójú ẹnikẹ́ni. Pánẹ́ẹ̀lì bítà lè kun ojú rẹ̀ ní ọ̀dà, ẹni tó tú jíà lè gbàgbé láti dá a padà, ìpẹtà lè jẹ ẹ́, ọ́ìlì sì lè rin ín gbindingbindin. Sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì sì lè fa iná tó ju 100 ámúpù lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọ̀nà ìpadà bá dí, iná kò ní dúró. Yóò wá ibòmíràn gbà. Ó lè gba okùn irin àsílérétọ̀, ó lè gba ti jíà, àwọn rewáyà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ sì mọ àwọn okùn wọ̀nyí tó yọ́ mọ́ inú ara wọn láìsí ẹni tó fi iná kàn wọ́n. Bí họ́ọ̀sì ọ́ìlì bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n hun wáyà mọ́ lára, tí wọ́n sì fi bóòtù mú kúlà rẹ̀ mọ́ bọ́dì, iná lè gba ara họ́ọ̀sì náà kọjá. Ìgbàkígbà tí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, wáyà ara họ́ọ̀sì yóò gbóná, rọ́bà inú rẹ̀ yóò máa yan díẹ̀díẹ̀.

Ká wá fojú inú wo bàbá kan tó ń ná ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àtijọ́. Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó jò. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jò. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta náà, iná iwájú ọkọ̀ ń ṣe bàìbàì, sítátà sì ń ṣe "kọ́, kọ́" kó tó gbé e. Mẹkáníìkì ní họ́ọ̀sì ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ẹni tó ń ta bátìrì ní bátìrì ló kú. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí pé ọjọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ ìdílé gan-an ni ìyọnu yìí bẹ̀rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ kò sì tíì dá a lóhùn kíkí láti ọjọ́ náà. Àìsàn mẹ́ta, olùwòsàn mẹ́ta, ọ̀tá kan. Ta ni kò ní so wọ́n pọ̀? Ó dìgbà tí rewáyà kan bá fi ẹnu mítà kan kan ẹ́ńjìnnì, tó fi èkejì kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, tó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí áàtì bá dára, mítà kò yẹ kó ka ju ìdá díẹ̀ nínú fóòtì kan lọ. Bó bá ka fóòtì méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀ràn ti fojú hàn. Wọn yóò ha ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán, wọn yóò fi wáyà tó nípọn sí i, wọn yóò fún bóòtù rẹ̀ le. Iná iwájú yóò mọ́lẹ̀, sítátà yóò gbé e lẹ́ẹ̀kan, họ́ọ̀sì kẹta kò sì ní jò.

Bàbá náà kò ṣe aṣiwèrè bó ṣe rò pé ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí ìyọnu mẹ́ta. Ó tọ̀nà! Ibi tó wá ohun náà sí ló ti ṣìnà.

Ní 1937, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Evans-Pritchard, gbé ìwé jáde lórí àwọn Azande tó ń gbé ní gúúsù Sudan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àká kan níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì sọ tán dòní. Àká wó lu àwọn tó ń gba ìbòòji lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Azande mọ̀ dájú pé ikán ló jẹ òpó rẹ̀, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yẹn ló wó, tó sì fi jẹ́ àwọn yẹn ló jókòó síbẹ̀. Fún ìyẹn, àjẹ́ ni ìdáhùn wọn. Robin Horton, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ àròkọ kan ní 1967 tó fi gbèjà irú ìrònú báyìí. Ó ní àwọn ẹ̀mí àìrí tí ará Áfíríkà fi ń ṣàlàyé ayé ń ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí tí átọ́ọ̀mù ń ṣe fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: àwọn méjèèjì ń so ohun púpọ̀ tó hàn mọ́ ohun díẹ̀ tí kò hàn.

Àlàyé Horton dùn gbọ́, ó sì gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń pe àwọn baba wa ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n mítà rewáyà fi ibi tí kò ti pé hàn. Áàtì tó bàjẹ́ kò hàn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá pè é lórúkọ lè fi mítà kan án, ojú sì lè tì í lójú ẹsẹ̀ bí mítà bá sọ pé irọ́ ló pa. Àbúrò bàbá ńkọ́? Kò sí mítà tó lè dá a láre. Bí họ́ọ̀sì bá tún jò, ó jẹ̀bi; bí kò bá jò mọ́, àdúrà ló ṣẹ́gun rẹ̀. Owó ńlá ni ìbéèrè kejì, "èé ṣe tó fi jẹ́ èmi?", máa ń ná èèyàn bó bá ṣíwájú ti àkọ́kọ́, "kí ló bàjẹ́?", ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń san án: ìyá arúgbó kan ní ìkángun àdúgbò, ìyàwó tí kò bímọ, àbúrò bàbá tó kàn ń bínú ilẹ̀.

Ọ̀yọ́ ti rí irú ìdájọ́ báyìí rí. Ìlú Ṣàngó ni, ọdún Ṣàngó tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sì wọ ìwé àjogúnbá UNESCO ní 2023. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ọjọ́un bí àrá bá sán lu ilé: àwọn oníṣàngó yóò ya bo ilé náà, wọn yóò kó ẹrù, wọn yóò sì bu ìtanràn lé onílé. Ẹni tí àdánù bá, òun náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn aláwọ̀ funfun kò sì lè torí èyí fi wá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Benjamin Franklin fi hàn ní 1752 pé mànàmáná àti iná ẹ̀lẹ́kítíríkì jẹ́ ohun kan náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọ̀pá irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, kí àrá lè gba ara rẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Boston ní 1755, Pásítọ̀ Thomas Prince kọ ọ́ pé àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn lè wà lára ohun tó fà á, torí pé wọ́n ń kó iná ojú ọ̀run jọ sínú ilẹ̀. John Winthrop, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ló dìde ta kò ó.

Lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, iléeṣẹ́ mànàmáná ìjọba ní kí Ben Enwonwu rọ ère Ṣàngó fún àwọn, wọ́n sì gbé e síwájú ilé wọn ní Marina ní Èkó ní 1964. Ó jọ pé àwọn ẹnjiníà wọn kò rí ìjà kankan láàárín Ọba Kòso àti fíúùsì. Kò sì sí.

Ẹ̀sìn mùsùlùmí ti ja ìjà lórí ohun tó ń fa nǹkan tipẹ́, ó sì jà á dáadáa. Al-Ghazali, ààfáà àgbà tó kú ní 1111, ní bí iná bá kan òwú tí òwú sì jó, Ọlọ́run ló sun ún. Iná fúnra rẹ̀ kò lágbára láti sun ohunkóhun, a kàn ti rí i pé èkejì máa ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́ ni. Ibn Rushd ará Córdoba, tó kú ní 1198, fèsì pé ẹni tó bá sọ pé nǹkan kò ní ohun tó ń fà á ti da làákàyè nù. Mẹkáníìkì mùsùlùmí kan ní Sábó lè fara mọ́ Al-Ghazali tọkàntọkàn, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì yingin, torí Al-Ghazali pàápàá gbà pé Ọlọ́run kì í ṣàdédé yí ìṣe rẹ̀ padà. Bí Ọlọ́run bá ti ń mú rọ́bà gan nínú ooru láti àná, yóò mú un gan lọ́la. Hadith tí Tirmidhi gbà sílẹ̀ nípa ọkùnrin tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso kúkú ti parí ẹjọ́ náà: so ó ná, kó o tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí T. J. Bowen ti gbé iṣẹ́ Baptist dé ní 1855, ìtàn náà kò yàtọ̀. Láti 1907 tí iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Baptist ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, àdúrà àti abẹ jọ wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà ni. Dókítà yóò gbàdúrà, yóò fọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ògún ńkọ́, ẹni tó ni irin gan-an? Àwọn mẹkáníìkì tó ń bọ ọ́ ń pa ajá fún un, wọ́n ń ta epo sílẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó má fi ẹ̀jẹ̀ àwọn wẹ̀. Ta ni ó tíì gbọ́ pé ẹnì kan bi Ògún pé kílíìpù wo ló tú? Sípánà tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ni ìdáhùn yẹn. Wọlé Ṣóyínká, tó ti sọ káàkiri ayé pé Ògún ni òrìṣà òun, tó sì fi ojú ọ̀nà, awakọ̀ àti ikú ṣe eré orí ìtàgé tó gbé jáde ní 1965, ló wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ọmọ Ògún ló ń sáré mú awakọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń fi ẹ̀sìn nìkan ṣe àríyànjiyàn yìí kì í kà sí. Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀, olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì, wọ́n bi wọ́n ní ohun tó mú kí èèyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan. Ìwé wọn jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà le bí ojú ẹja. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn ló mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, ì báà jẹ́ àgbà tó níyì ló sọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ó kà á nínú ìwé, ó kàn gbà á gbọ́ ni, àfi ìgbà tó bá dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn bàbá wọ̀nyẹn wọn àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti Ọ̀wọ́dẹ̀ ní Ọ̀yọ́ títí dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tún ọkọ̀ ṣe. "Sítátà ni." Ó wò ó ni? Rárá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oníbàárà yóò ra sítátà, lẹ́yìn náà bátìrì, lẹ́yìn náà ọ́tánétọ̀, àpò rẹ̀ ni yóò sì san owó ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn. Oníṣègùn Èkìtì kan kò ní gba irú èyí láyè.

Ọ̀ràn ẹ̀bi ló wá kù, òun ló sì le jù. Ní ilé ìtajà sípáàpáàtì, họ́ọ̀sì omi àti họ́ọ̀sì ọ́ìlì jọra bí ìbejì. Àwọn méjèèjì dúdú, wọ́n sì lè ṣe déédéé ara wọn ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ti omi kò lè fara da ọ́ìlì. Yóò wú, yóò rọ̀, yóò já. Ti omi sábà máa ń dínwó. Bí mẹkáníìkì bá mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí ojú ọ́ìlì, tí ọ́ìlì tán lójú ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì gan lójijì, tí ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí àyè yà á, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ níbi òkú ni pé àyànmọ́ ni. Yorùbá ní orúkọ fún irú èyí, àfọwọ́fà ni à ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí tí èèyàn yàn lọ́run kì í dá iṣẹ́ ṣe: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e rìn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà tí a lè fi di gbogbo ẹrù náà lé orí òkú, ẹni tí kò tiẹ̀ mọ irú họ́ọ̀sì tí wọ́n fi sí ọkọ̀ tó wọ̀.

Èyí kò pa ìbéèrè kejì rẹ́. Obìnrin tó yí ìjókòó padà ní gáréèjì, tó fi àyè ẹ̀gbẹ́ wíńdò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó sì tipa bẹ́ẹ̀ yè, yóò máa bi ara rẹ̀ ní nǹkan kan títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, mítà kankan kò sì ní dá a lóhùn. Pásítọ̀ rẹ̀, ààfáà rẹ̀ tàbí babaláwo rẹ̀ lè bá a jókòó lórí ìyẹn. Ó sàn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ju kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ kò ní láárí.

Mẹkáníìkì ọkọ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ sá wọ inú ìbéèrè yẹn. Òun ni wọn yóò bi pé irú họ́ọ̀sì wo ló rà, ọwọ́ ta ló ti rà á, ṣé ó fọ ẹ́ńjìnnì kó tó pinnu ibi tó ti ń jò, ta ló sì yẹ wáyà áàtì wò kẹ́yìn.